Ọkùnrin Oníkóòtù Tó Wà ní Pálọ̀ Wa

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Màmá mi,

Mo kí yín láti inú òtútù tó fẹ́ gé imú ẹni lọ. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Mo nírètí pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé ẹ̀ ń lo òróró ìpara tí mo fi ránṣẹ́, pé ẹ kò kàn gbé e sórí tábìlì kí àlejò máa wò ó. Ìwé ni mo kọ nítorí pé látọjọ́ tí fóònù yín ti bọ́ sínú bùkẹ́ẹ̀tì omi, ẹ kọ̀ láti lo òmíràn. Ẹ ní tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń lé mi bọ̀.

Màmá, tó bá di oṣù Karùn-ún, ọdún kan á ti pé tí Dádì ti fi wá sílẹ̀. Ó ń dùn mí pé n kò wá síbi ìsìnkú wọn. Ẹ mọ̀ pé orí tábìlì ìjọba ni ìwé ìgbélùú mi wà nígbà yẹn. Tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo ti sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò gan-an ni ìwé ìsìnkú tí Bàbá Kékeré, àbúrò Dádì, fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú tì mí. Nínú fótò tí wọ́n lò, Dádì ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí dókítà eyín ń yẹ̀ wò. Kọ́là aṣọ iṣẹ́ wọn ti yí wọnú lápá kan. Wọ́n wá kọ “Atún-fíríìjì-ṣe” sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, bí ìgbà tí wọ́n ń polówó ọjà. Ṣé bí a ṣe máa rántí wọn nìyẹn? Ọkùnrin tó fi ọdún méjìdínlógójì mú kí omi gbogbo àdúgbò tutù?

Mo ti bá ayàwòrán kan sọ̀rọ̀ níbí. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ńláńlá sì ni oníbàárà ẹ̀. Ó máa ya àwòrán Dádì tó tóbi, tó níyì, tí ẹ máa gbé kọ́ pálọ̀ kí ọdún tó pé. Fótò kan péré ló fẹ́, kí ojú ṣáà ti mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ bá mi wá a. Ẹ má ní kí Bàbá Kékeré ló máa mú un o, ojú wọn kò gbọ́n sí irú nǹkan báwọ̀nyí.

Èmi tí mò ń kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì lẹ́sẹ̀,
Dáódù yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Dáódù mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ, inú mi dùn. O kú òtútù, o kú iṣẹ́. Òróró ìpara rẹ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Orúnkún mi kò gbọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi sí ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sì pariwo mọ́.

Nípa ti ìsìnkú, o ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú fún mi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́ ni mo gbà á gbọ́. Bí o ṣe ń tún un sọ ni iyèméjì ń wọ̀ mí.

Bàbá rẹ kò fẹ́ràn fótò. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kó gbé fíríìjì ẹ̀ wá. Ti ọjọ́ ìgbéyàwó wa wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjìji ayàwòrán ló gba ìlàjì ojú wọn. Èyí tí mo fi sínú àpò ìwé yìí ni aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yà ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà tó ku ọdún kan kí àìsàn náà dé. Wò ó dáadáa. Wọ́n lóṣòó síwájú fíríìjì kan tó ti dá wọn lágara látàárọ̀. Orí wọn ń dán. Ófúróòlù búlúù yẹn ló wà lára wọn, èyí tó jẹ́ pé epo ẹ̀rọ ni mò ń fọ̀ lára ẹ̀ ju aṣọ lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èjì wọn hàn síta, ojú òsì wọn sì kéré ju tọ̀tún lọ bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rín bá dé. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, kò lé, kò dín.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ káàdì aláìsàn nílé ìwòsàn. Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ. Ẹni tó bá kúrú, mo kọ pé ó kúrú, kódà kó jẹ́ ìyàwó ọ̀gá. Sọ fún ayàwòrán rẹ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kó sọ wọ́n di ńlá bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó má fi nǹkan kan kún wọn.

Fi fótò tìrẹ náà ránṣẹ́. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣì ń dán, mo sì gbọ́ pé irùngbọ̀n rẹ ti tó dì mú.

Ìyá rẹ tó ń fi awò méjì kàwé


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrójú, ẹ kú àdúrótì wa. Mo ní ìròyìn ayọ̀. Àwòrán Dádì ti parí, ó sì ti wà lọ́nà. Ó ga jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ kó má baà bá yín lójijì.

Ayàwòrán náà mọṣẹ́. Ó ní fótò tí ẹ fi ránṣẹ́ dára bí ìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó gbé Dádì dìde nílẹ̀, torí èèyàn pàtàkì kì í lóṣòó. Ó bọ́ ófúróòlù kúrò lọ́rùn wọn, ó wọ̀ wọ́n ní kóòtù dúdú àti táì pupa. Ó fi aago oníwúrà sí wọn lọ́wọ́. Ó dá irun wọn padà, kò pọ̀ jù, ìwọ̀n tó bójú mu ni. Ó pa èjì náà dé. Ó mú kí ojú méjèèjì dọ́gba. Ó yọ fíríìjì kúrò lẹ́yìn wọn, ó wá to ìwé síbẹ̀, ìwé tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ má sọ pé Dádì kì í kàwé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà á tí wọ́n bá ráyè.

Mo ní kí ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Bàbá Wa Ọ̀wọ́n, Olùdarí Àgbà fún Ọ̀ràn Ìmúǹkantutù.” Ayàwòrán bi mí pé àwọn wo ni wọ́n darí. Mo ní àwọn fíríìjì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Ẹ gbé e kọ́ ibi tó dojú kọ ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá wọlé kọ́kọ́ rí i. Ẹ má fi aṣọ kankan bò ó. Tí Bàbá Kékeré bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìrántí, ẹ ní kí wọ́n dúró sí apá òsì ẹ̀, kí fótò tí wọ́n bá yà lè dára.

Ọmọ tó fẹ́ kí orúkọ bàbá ẹ̀ ròkè,
Dáódù


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí nǹkan? Àwọn tó ń gbé ẹrù sọ fún mi pé àpótí náà ti dé ilé láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá, pé obìnrin kan ló fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin nìyẹn, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín, ó dúró gbọnrangandan bí ti káàdì aláìsàn.

Ọjọ́ ìrántí ti lọ. N kò gbọ́ pé ẹ ṣeun, n kò gbọ́ pé ó dára. N kò tiẹ̀ gbọ́ pé ó fọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi dúró ti ayàwòrán yẹn lẹ́yìn iṣẹ́, mò ń sọ fún un pé kó gbé èjìká sókè díẹ̀, kó fẹ àyà sí i. Ó yẹ kí èèyàn rí ìdáhùn tó tó ìlà kan gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Dáódù


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà

Màmá,

Ẹ jẹ́ kí n fo ìkíni lónìí.

Bàbá Kékeré pè mí lánàá níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní kò sí àga níbi tí mo wà, wọ́n ní kí n fara ti ògiri. Wọ́n ní ọkùnrin kan ti wọlé Dádì. Ó ga, irun ẹ̀ kún, kóòtù ló ń wọ̀, ó sì so aago oníwúrà mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní ẹ gbé fótò ẹ̀ gàgàrà kọ́ pálọ̀, lójú ilẹ̀kùn gan-an, tí kò sí ẹni tó lè wọlé kó má rí i. Aránṣọ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ní lọ́sàn-án, tí àdúgbò bá ti dákẹ́, òun máa ń gbọ́ ohùn yín láti ojú fèrèsé, tí ẹ̀ ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ ketekete tí ẹ sọ pé: “O ò jọ ọkọ mi rárá, ṣùgbọ́n o mọ ọ̀rọ̀ gbọ́.”

Màmá, ọdún kan péré. Ṣé ẹ kò lè dúró? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò lè dúró, ṣé ibi tó yẹ kí àwòrán Dádì wà ló yẹ kí ẹ gbé tiẹ̀ kọ́? Níbo ni ẹ gbé àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí? Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ tì í sí? Ó ti yé mi báyìí ìdí tí ẹ kò fi dá mi lóhùn.

Bàbá Kékeré ní àwọn máa kó àgbà ẹbí mẹ́rin wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ láti wá bi yín ní ìbéèrè. Mo ní kí wọ́n lọ. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé ọmọkùnrin wà nínú ilé yẹn.

Dáódù, ọmọ Bàbá ẹ̀


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Dáódù,

Èmi kò ní fo ìkíni ní tèmi. O kú iṣẹ́. O kú òtútù. O kú ìbínú.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àpótí dé. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e, kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Káfíńtà ló wá yọ férémù ilẹ̀kùn kí a tó rí i gbé kọjá. Nígbà tí a tú u, káfíńtà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé onílé yín nìyí?” Mo ní kó jẹ́ kí n wọ awò mi ná.

Mo wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. Mo wá bàbá rẹ nínú ẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Irun kì í ṣe tiwọn, eyín kì í ṣe tiwọn. Ibi àtàǹpàkò òsì ni mo ti bá wọn. Èékánná tí abẹ̀bẹ̀ inú fíríìjì là sí méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó jọ pé ayàwòrán rẹ kò rí i ni, ì bá ti tún un ṣe.

Ọjọ́ ìrántí ti kọjá kí n tó gbé e kọ́ ibi tí o ní kí n gbé e kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó láti kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ “Àwòrán bàbá rẹ ti dé,” tí ọwọ́ mi sì kọ̀ ọ́. Ọwọ́ yìí kò tíì kọ ohun tí kò rí rí. Ìdí tí n kò fi dá ẹ lóhùn nìyẹn. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ẹ pé àlejò lo fi ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti pé mò ń bá a sọ̀rọ̀, òótọ́ ni aránṣọ sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí i ní “ẹ káàsán sà” láìmọ̀, torí ó jọ ọ̀gá báńkì. Lọ́jọ́ kejì, mo ní, “Ibi tí o dúró sí yẹn, ọkùnrin kan ló máa ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dáódù, látọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ, kò sí ẹni tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ wọn tán. Tí mo bá ti ya ẹnu, wọ́n á ní kí n gba fún Ọlọ́run, wọ́n á bi mí nípa orúnkún. Ọkùnrin oníkóòtù kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo sọ fún un bí bàbá rẹ ṣe máa ń hanrun, bí wọ́n ṣe máa ń tú rédíò mi láìbàjẹ́ láti wò ó bóyá ó máa tó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì torí pé mo ta bàtà tó ti já. Ó dúró, ó gbọ́ ọ. Tí o bá kíyè sí i, “ó” ni mo ń pè é. Bàbá rẹ ni “wọ́n.” Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tíì fi àwọn méjèèjì pe ara wọn.

Bàbá Kékeré yín wá lọ́jọ́ Àìkú lóòótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo bá a nínú ilé yìí, èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò iléèwé ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó wọlé bí adájọ́. Àwọn àgbà mẹ́rin jókòó, òun kọ̀, kò jókòó.

Ó ní, “Ìyàwó wa, ta ni ọkùnrin yìí?”

Mo ní, “Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa.”

Ó sún mọ́ ọn. Ó wò ó láti orí dé bàtà. Ó ní, “Mo mọ irú wọn. Irú kóòtù báyìí ni wọ́n máa ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ opó. Ẹ ní kó kúrò nílé ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo ní kó sọ fún un fúnra ẹ̀.

Ó yíjú sí àwòrán náà, ó nàka sí i. Ká ní o wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, inú ìwé ló ti kà á pé bàbá rẹ jẹ́ ìràwọ̀ tó wọ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, mo sì sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, “Gbọ́, ìwọ oníkóòtù. Ẹni tó ni ilé yìí kò wọ kóòtù rí. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń gbé mi sí lọ sí iléèwé, wọ́n á gbé fíríìjì kékeré síwájú, tí a bá dé ìdí òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n máa tì wá. Ọdún mẹ́fà. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí pé ó rẹ àwọn.” Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó wá ní, “Ìwọ, kí lo tì rí?”

Mo wá bẹ ọ̀kan nínú àwọn àgbà pé kó bá wa ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ó tẹ̀ ba, ó kà á sókè. “Bàbá Wa Ọ̀wọ́n, Olùdarí Àgbà fún Ọ̀ràn Ìmúǹkantutù.” Ó ka ọdún ìbí, ó ka ọdún ikú.

Bàbá Kékeré yín wo àwòrán, ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo kàn ń dán yín wò ni.” Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Kí wọ́n tó lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí bóyá o lè bá ayàwòrán yẹn sọ ọ́ kó ṣe irú ẹ̀ fún òun, nígbà tí òun ṣì wà láyé láti gbádùn ẹ̀.

Ó kù sí ẹ lọ́wọ́ báyìí, ọmọ bàbá ẹ̀.

Ìyá rẹ, opó tó ń gbàlejò oníkóòtù


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, mo ní láti lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi.

Mo kọ ìdáhùn kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fà á ya. Nínú ìyẹn, mò ń ṣàlàyé pé ayàwòrán ló fa gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe òun.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni mo wà, níbi tí kò ti sí fèrèsé, tí mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ àwọn àlejò. Kóòtù tó wà lọ́rùn Dádì yẹn, mo mọ ọ̀n dáadáa. Irú ẹ̀ tó ogójì ló ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi lójúmọ́. Nígbà tí Dádì kú, ọ̀gá wa bi mí pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mo wá gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé olùdarí ni wọ́n. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ bí mo ṣe máa bọ́ kóòtù náà kúrò lọ́rùn wọn.

Èyí tó burú jù nìyí. Nígbà tí ayàwòrán parí iṣẹ́, ó pè mí wá síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ṣé ó jọ wọ́n?” Mo wò ó títí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti kúrò nílé, Màmá. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn gan-an nìyẹn.” N kò mọ̀. N kò lè sọ bóyá ó jọ wọ́n tàbí kò jọ wọ́n. Ẹ sọ fún mi nípa ojú òsì wọn nínú lẹ́tà, mo kà á bí ẹni ń ka ìròyìn ará ilé ẹlòmíràn.

Ní ti ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n fún mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti lè wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé mo máa wọ ẹ̀yìnkùlé, n kò ní gbọ́ kí wọ́n máa fi òòlù kan irin. Nítorí náà ni mo ṣe ń tún ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sọ. Ẹ ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Kékeré. Ẹ ní n kò lè ṣe tiwọn.

Dáódù


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tutù. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù dára, bàbá rẹ náà mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, mo ti mọ̀ láti ìgbà kẹta.

Má bẹ Bàbá Kékeré, mo ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo gbé ọkùnrin oníkóòtù fún un. Káfíńtà bá a fá ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kúrò, ó gbé e kọ́ pálọ̀ tiẹ̀, ó sì ń sọ fún àlejò pé òun ni, pé wọ́n ya òun nígbà tí òun ṣì sanra díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ní ó jọ ọ́. Aránṣọ pàápàá lọ wò ó, ó ní ojú ló yàtọ̀ díẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbé e jáde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo fẹ́ ro bàbá rẹ díẹ̀ kí n tó wọlé. Mo pa ojú mi dé, mo pè wọ́n wá sọ́kàn. Ọkùnrin oníkóòtù ló jáde. Mo la ojú, mo tún un pa dé. Òun náà ni, pẹ̀lú eyín ẹ̀ tó tò bérébéré. Ó pẹ́ kí bàbá rẹ tó dé, wọ́n sì dé bí ẹni tó ń wá ọ̀nà wọ ilé ara ẹ̀. Dáódù, èmi tí mo bá wọn gbé fún ogójì ọdún nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ránṣẹ́ pe káfíńtà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí náà, n kò bínú sí ẹ pé o kò rántí. Ṣùgbọ́n má fi mí sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tí èmi rí, mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, lójoojúmọ́, bí ìgbà tí mò ń kọ káàdì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pọ̀ tí mo wà nílé ìwòsàn tí ẹ̀yin méjèèjì wà nílé. N kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Kọ ọ̀kan sí mi. Kì í ṣe nípa ìwà rere wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ ìyẹn. Kọ ohun kan tí ojú rẹ rí tí ojú mi kò rí.

Má kánjú. Tó bá tó oṣù kan kí o tó rántí, mo wà níbí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ìdúró dè mí. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì ti gba ìwé ọkọ̀ òfurufú. Mò ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo máa lò. Ẹ má wulẹ̀ kun ilé.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi wá ohun tí ẹ bèèrè. Ìwà rere ló kọ́kọ́ ń wá, mo ń lé e lọ. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibi tí mo ti ń fi omi tútù bọ́jú, ó dé.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìsinmi iléèwé ni, ẹ̀yin ti lọ síbi iṣẹ́. Oòrùn mú débi pé a kò lè fẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀yìnkùlé. Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fírísà ẹlẹ́ja kan ṣe tán, èyí tó gbọọrọ, tó ń dùbúlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tutù tó. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n ní ìka kò tó. Wọ́n ní kí n ti orí bọ̀ ọ́.

Mo ti orí bọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “Báwo ni?” Mo ní ó tutù. Wọ́n ní, “Báwo ló ṣe tutù tó?” Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n sún síwájú fún àwọn. Dádì náà ti orí tiwọn bọ̀ ọ́, orí wa méjèèjì wá wà nínú fírísà náà, ìdí wa wà nínú oòrùn. Ó dùn, Màmá. Wọ́n fẹ́ èémí, èéfín funfun jáde lẹ́nu wọn. Èmi náà fẹ́ tèmi. Wọ́n pe orúkọ mi síbẹ̀, ó dún bíi pé inú àgbá ni wọ́n wà, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rí wọn láti ìtòsí, bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi yìí. Yìnyín kéékèèké wà nínú ìpéǹpéjú wọn. Ojú òsì wọn ti pa dé tán.

Ìyá ẹlẹ́ja ti dé ẹ̀yìn wa, a kò mọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọnù sínú ẹ̀?” Dádì kò yọ orí jáde. Láti inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dáhùn pé, “À ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, ó ku díẹ̀.” Obìnrin náà wá ibì kan jókòó sí, ó ń dúró. A tún wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà náà ni wọ́n fi imú kan etí mi, imú náà tutù bí omi, wọ́n sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé:

“Má sọ fún ìyá ẹ o.”

N kò sọ fún yín, títí di òní.

Dáódù